Dátà “Tí Kò Lópin” Tó Ń Lópin: Ohun Tó Ń Fa Íntánẹ́ẹ̀tì Aláìlókùn Sẹ́yìn Nínú Ilé

Ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, inú ń bí wọn. Wọ́n ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ti ra dátà kún dátà, síbẹ̀ fídíò tí àwọn ń wò ń dúró lójú ọ̀nà, àmì róbótó tó ń yí lójú tẹlifíṣọ̀n kò sì yé yí. “Àbí wọ́n ń jí dátà mi ni?” Mo bi wọ́n pé, “Ẹ̀gbọ́n, aago mélòó ló lù lọ́dọ̀ yín?” Wọ́n ní mẹ́sàn-án alẹ́ ti kọjá. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jí ní aago márùn-ún ìdájí, kí wọ́n tan fídíò kan náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún pè: fídíò náà kò dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dátà kò fìgbà kan tán lọ́wọ́ wọn. Àìsàn tí kò ṣe wọ́n ni wọ́n ń ra oògùn rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí ẹ̀gbọ́n mi nìkan kọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ sí. “Ó ń fà” ni gbogbo wa máa ń sọ, ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kékeré yẹn. Ìwọ̀n dátà yín lè ti pé, kí ilé-iṣẹ́ sì dín ìyára rẹ̀ kù. Èrò lè pọ̀ jù lórí òpó tó ń fún yín ní nẹ́tíwọ̀kì. Wọ́n lè dá fídíò nìkan dúró sójú kan. Wàhálà náà sì lè wà nínú ilé yín, kó má kan ilé-iṣẹ́ kankan. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹyọ kan ṣoṣo ni dídà owó lé dátà lè wò sàn.

Kí ni íntánẹ́ẹ̀tì aláìlókùn gan-an?

Ọ̀nà méjì ni íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gbà wọ ilé. Wọ́n lè fa wáyà rẹ̀ wọlé, tàbí kó gba inú afẹ́fẹ́ wá. Èyí tó ń gba inú afẹ́fẹ́ ni à ń sọ níhìn-ín. Ráútà yín ní káàdì SIM nínú bíi ti fóònù. Ìgbì rédíò ló fi ń bá òpó nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò sọ̀rọ̀, yálà ti 4G tàbí ti 5G. Ohun tó bá gbà lọ́dọ̀ òpó ló ń fi Wi-Fi pín káàkiri ilé.

Ẹ má da nẹ́tíwọ̀kì àti Wi-Fi pọ̀ o. Láti òpó dé ráútà ni nẹ́tíwọ̀kì. Láti ráútà dé ọwọ́ yín ni Wi-Fi. Gbèdéke dátà kò kan Wi-Fi rárá. Bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nínú yàrá kejì, tí iṣẹ́ náà kò jáde kúrò nínú ilé, kò jẹ yín ní dátà kankan. Ohun tó bá gba ẹnu ráútà jáde síta, tàbí tó gba ibẹ̀ wọlé, ni wọ́n ń kà.

Kí ló dé tí àwọn tó ń lo wáyà kì í sábà gbọ́ ọ̀rọ̀ gbèdéke tó bíi tiwa? Ìgbì rédíò kò pọ̀. Ìjọba ló ń pín in fún àwọn ilé-iṣẹ́, ẹni tó bá sì ti gba tirẹ̀ kò lè ṣe òmíràn kún un fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń fa wáyà onígíláàsì lè fa òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ bí èrò bá ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ń lo afẹ́fẹ́ ní láti fi ìwọ̀nba ìgbì kan náà bá gbogbo ilé àti gbogbo fóònù tó wà láyìíká òpó náà ṣe é. Ìyẹn ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Ìwọ̀n yàtọ̀ sí ìyára

Ẹ wo táńkì omi. Bí omi inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹnu ẹ̀rọ tí omi ń gbà jáde ṣe fẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. GB ni wọ́n fi ń ka omi inú táńkì, ìyẹn ìwọ̀n dátà. Mbps ni wọ́n fi ń ka bí ẹnu ẹ̀rọ ṣe fẹ̀ tó, ìyẹn ìyára. Táńkì lè kún dẹ́nu kí ẹ̀rọ rẹ̀ máa kán tó-tó-tó. Ẹ̀rọ náà sì lè fẹ̀ débi pé kí táńkì gbẹ kí ẹ tó mọ̀.

Ohun kan tún wà tó máa ń ru ènìyàn lójú: lẹ́tà b. B ńlá dúró fún báìtì, b kékeré dúró fún bíìtì, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì 1. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní íntánẹ́ẹ̀tì yín ń sá 100 Mbps, 12.5 MB ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kì í ṣe 100. Ẹni tí kò mọ èyí á rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ méjì ló jọra.

Ẹ jẹ́ ká wá fi méjèèjì pọ̀. Ká ní ètò dátà kan fún yín ní 1,000 GB lóṣù, ó sì ń sá 100 Mbps. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ náà sílẹ̀ tí ó ń tú ní gbogbo agbára rẹ̀, wákàtí 22 àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo 1,000 GB náà máa pẹ́. Kò tó ọjọ́ kan! Kò sí ilé tó ń lò ó báyẹn, ṣùgbọ́n ìṣirò yìí fi hàn pé ìyára tí wọ́n kọ gàdàgbà sójú ìpolówó àti ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ jẹ́ ìlérí méjì. Ètò tó yá jù ló máa ń tètè tán, nítorí fídíò tó rí àyè fúnra rẹ̀ á yan àwòrán tó mọ́ jù, àwòrán tó mọ́ jù ló sì ń jẹ dátà jù.

Fídíò lọ̀gá nínú ìjẹdátà. Lórí Netflix, gẹ́gẹ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe kọ ọ́, ìpele tó rẹlẹ̀ jù ń jẹ nǹkan bíi 0.3 GB ní wákàtí kan, ti àárín ń jẹ 0.7 GB. Bí ẹ bá gbé e dé àwòrán HD, ó lè tó 3 GB. Bí ó bá dé 4K, ó lè tó 7 GB. Ẹ fi 7 wé 0.3. Fíìmù kan náà ni, wákàtí kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ ju èkejì lọ ní ìlọ́po 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà nínú yàrá kò sì lè fi ìyàtọ̀ 4K hàn yín lọ títí. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń kọ́kọ́ gba ènìyàn nímọ̀ràn, nítorí kò náni ní nǹkan kan.

Kí ní ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìwọ̀n bá pé?

Ó kù sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Àwọn kan á ti ilẹ̀kùn pa pátápátá títí ẹ ó fi san owó tuntun. Àwọn mìíràn á jẹ́ kí ẹ máa lò ó lọ, wọn á wá máa ka owó lé yín lórí fún GB kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi kún un. Èyí léwu jù, nítorí nígbà tí ìwé owó bá dé ni ẹ ó tó mọ̀. Ẹ̀ka kẹta ló wọ́pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé: wọn kò ní tì í, wọn kò ní gba owó kún un, wọ́n á kàn dín ìyára rẹ̀ kù, wọ́n á fún ẹnu ẹ̀rọ pọ̀ títí oṣù á fi pé.

Oṣù tí mo wí yìí kì í sábà jẹ́ oṣù inú kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ tí ẹ sanwó ni òǹkà bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sanwó ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó ń bọ̀ ni táńkì tó tún kún, kì í ṣe ọjọ́ kìn-ín-ní.

Ẹ̀sùn kan tún wà tí mo máa ń gbọ́: “Ráútà mi ní mo lo báyìí, ilé-iṣẹ́ ní mo lo jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Ó lè má jẹ́ olè. Àwọn ẹ̀rọ kan ń fi 1,000 ka dátà, àwọn mìíràn ń fi 1,024 kà á; bí a bá dé orí GB, ìyàtọ̀ náà ti tó nǹkan bíi 7 nínú 100. Bákan náà, ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ síta wà nínú òǹkà, kì í ṣe ohun tí ẹ gbà wọlé nìkan. Òǹkà ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń lò láti dín ìyára yín kù, nítorí náà òun ni kí ẹ máa wò, nínú áàpù wọn.

Nígbà tí wọ́n bá ti dín in kù, kí ló ṣì lè ṣiṣẹ́?

Ẹ bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń dín in kù sí, nítorí “dídínkù” kò ju orúkọ lọ. Ẹni tí wọ́n dín kù sí 10 Mbps ṣì lè wo fíìmù HD lálàáfíà. 5 Mbps ti tó fún un. Ẹni tí wọ́n dín kù sí 1 Mbps ti bọ́ sí ayé mìíràn. Àwọn mìíràn sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 512 kbps tàbí 128 kbps; 1,000 kbps ló wà nínú 1 Mbps.

Ká fi 512 kbps ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp á lọ bó ṣe ń lọ. Ìpè olóhùn á ṣeé ṣe, nítorí ohùn ènìyàn kò wúwo. Ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tó tó 2.5 MB á gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá 39 kó tó jáde tán. Fáìlì 1 GB, tí 50 Mbps máa gbé wọlé láàárín ìṣẹ́jú 3, á gba wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 20. Ní 128 kbps, ojú-ìwé kan ṣoṣo á gbà ju ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀ lọ, ọ̀pọ̀ áàpù á sì ti sú, wọ́n á ní kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kò tì yín síta lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín ti wà ní ẹnu ọ̀nà.

“Kò lópin” ni wọ́n kọ. Kí ló túmọ̀ sí?

Ìwọ̀n ni kò lópin. Ìyára lópin. Bí ẹ bá mú gbólóhùn kan péré nínú àlàyé yìí, ẹ mú ìyẹn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá pe ètò kan ní èyí tí kò lópin, ohun tí wọ́n sábà ń sọ ni pé àwọn kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Wọn kò sọ pé ẹnu ẹ̀rọ ò ní kéré. Nínú àdéhùn, ẹ ó rí ìpínrọ̀ kan tó ń sọ nípa ìlò tó mọ níwọ̀n: pé bí ẹ bá ti lo iye báyìí, àwọn lẹ́tọ̀ọ́ láti fa yín sẹ́yìn. Ìpínrọ̀ yẹn gan-an ni gbèdéke, orúkọ ló yí padà.

Mi ò rò pé ó tọ́ kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ńlá sókè kí wọ́n fi ìtumọ̀ rẹ̀ sísàlẹ̀, kì í sì í ṣe èmi nìkan ló rò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2014, àjọ FTC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà gbé ilé-iṣẹ́ AT&T lọ sílé ẹjọ́ nítorí ètò dátà fóònù tí wọ́n pè ní èyí tí kò lópin. Àjọ náà ní àwọn oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù 3.5 ni wọ́n dín ìyára wọn kù, àti pé àwọn mìíràn kò tíì lò ju 2 GB lọ lóṣù kí ó tó kàn wọ́n. Ọdún 2019 ni ẹjọ́ náà tó parí, AT&T sì gbà láti san mílíọ̀nù 60 dọ́là.

Èyí tó tún ká mi lára jù ni ti àwọn panápaná. Ní ọdún 2018, nígbà tí iná ń jó igbó ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, àwọn panápaná ìjọba ìbílẹ̀ Santa Clara gbé ọkọ̀ ìdarí kan lọ síbẹ̀; íntánẹ́ẹ̀tì Verizon ló ń gbé ètò iṣẹ́ inú ọkọ̀ náà. Dátà wọn pé gbèdéke, ilé-iṣẹ́ sì dín ìyára rẹ̀ kù. Ọ̀gá panápaná náà, Anthony Bowden, sọ fún ilé ẹjọ́ pé ìyára tó kù kò tó ìdá kan nínú 200 ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ké sí ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ní kí wọ́n ra ètò tó ju èyí lọ. Verizon padà sọ pé àṣìṣe ni, pé ó yẹ kí àwọn ti tú ìdè náà nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀ràn pàjáwìrì ni. Ètò tí àwọn panápaná yẹn ń lò, ètò dátà tí kò lópin ni wọ́n pè é.

Bí ìwọ̀n kò bá tíì pé ńkọ́?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn wà.

Ẹ fi òpó nẹ́tíwọ̀kì wé òpópónà. Ní ìdájí, ọkọ̀ yín nìkan ló wà lójú títì, ẹ lè sáré tẹ́ ẹ bá fẹ́. Nígbà tí gbogbo ayé bá jáde, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni. Kò sẹ́ni tó dá yín dúró, kò sẹ́ni tó jẹ yín níyà. Ọ̀nà ló kún. Ká ní apá òpó tó kọjú sí àdúgbò yín lè gbé 1,000 Mbps, tí ilé 50 sì gbára lé e. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ń fa 25 Mbps lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ti ń bèèrè 1,250. 250 tó lé yẹn kò sí níbì kankan. Olúkúlùkù á gba ohun tó dín sí tirẹ̀, láàárín aago méje sí mọ́kànlá alẹ́ ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ jù, nígbà tí iṣẹ́ ti parí tí gbogbo ilé jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.

Tó bá jẹ́ pé gbogbo wa là ń pín in dọ́gba, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n ojú títì yìí ní àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́kọ́ kọjá. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, àwọn oní fóònù ló wà níwájú, ráútà ilé ló wà lẹ́yìn wọn. Nínú àwọn ráútà náà, ẹni tó ti lò ó púpọ̀ lóṣù yẹn tún lè bọ́ sẹ́yìn pátápátá. T-Mobile ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2024, kọ ọ́ sínú ètò íntánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ pé ẹni tó bá ti lo ju 1.2 TB lọ lóṣù, ìgbàkigbà tí èrò bá pọ̀, ẹ̀yìn gbogbo àwọn oníbàárà yòókù ni yóò wà. TB kan jẹ́ 1,000 GB.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti dídín ìyára kù, nítorí wọ́n jọra lójú ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tí wọ́n dín ìyára rẹ̀ kù, tọ̀sán-tòru ló ń fà, kódà bí kò bá sí ẹlòmíràn lórí òpó. Ẹni tí wọ́n kó sẹ́yìn ìlà, bí ìlà bá gùn ló ń jìyà. Bí kò bá sí ìlà, kò ní mọ̀ pé ẹ̀yìn lòun wà. Ìdí nìyí tí aládùúgbò yín fi lè wà lórí ètò kan náà pẹ̀lú yín kó má ráhùn rí: ráútà rẹ̀ lè kọjú sí apá òpó mìíràn tí èrò kò pọ̀ sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ra omi kún táńkì tó kún, nígbà tó jẹ́ pé ojú títì ló dí.

Fídíò nìkan ló ń fà

Ètò mìíràn wà tó jẹ́ pé fídíò nìkan ni wọ́n fi gbèdéke sí: àwòrán kò ní mọ́ ju ìpele kan lọ, ohun yòókù á sì máa sáré. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ lọ sí fast.com. Netflix ló ni ín, inú ilé àwọn fídíò Netflix ló ti ń wọn ìyára. Ẹ wá fi òmíràn wọ̀n ọ́n, èyí tí kò ní fídíò ṣe. Bí fast.com bá ń wí 4 nígbà gbogbo tí èkejì ń wí 60, ẹ ti mọ ibi tí wọ́n ti dá yín dúró.

Báwo ni màá ṣe mọ èyí tó ń ṣe mí?

Ẹ má gbé owó jáde títí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ìdájí, ní ọ̀sán, àti ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà kí Wi-Fi má baà da ọ̀rọ̀ rú, kí ẹ sì ní kí àwọn ará ilé yòókù sinmi fún ìṣẹ́jú kan. Wíwọ̀n yìí náà ń jẹ dátà o, pàápàá lórí 5G tó yá, torí náà ẹ má sọ ọ́ di eré.

Bí nọ́ńbà bá dúró sójú kan náà ní wákàtí gbogbo, bóyá 1 tàbí 5, ní ìdájí àti ní alẹ́, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan pàtó lójijì, wọ́n ti dín ìyára yín kù. Ẹ ṣí áàpù ilé-iṣẹ́, ẹ ó rí i pé ìwọ̀n ti pé. Èyí nìkan ni dátà tuntun ń wò sàn.

Bí ìdájí bá dára tí alẹ́ bá burú, èrò ló pọ̀. Ẹ má ra nǹkan kan.

Bí ó bá yá nídìí ráútà tó sì ń fà nínú yàrá, Wi-Fi yín ló ní ẹjọ́. Wi-Fi 5 GHz máa ń yá ju 2.4 GHz lọ, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń dá a dúró. Ẹni tó wà nítòsí ráútà ni kó lo 5 GHz, ẹni tó jìnnà ni kó lo 2.4 GHz.

Bí ó bá ń fà ní gbogbo ìgbà, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ sókè-sódò, tí ìwọ̀n kò sì tíì pé, ó ṣeé ṣe kí ráútà má gbọ́ òpó dáadáa. Inú ojú-ìwé ètò ráútà yín, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n kọ RSRP sí, ìyẹn bí ráútà ṣe ń gbọ́ òpó tó. Ó máa ń ní àmì ìyọkúrò níwájú, nítorí náà èyí tó súnmọ́ òdo ló dára. -85 dára, -110 ti jìnnà sí òpó jù, tàbí nǹkan wà láàárín yín. Ẹ gbé ráútà sẹ́bàá fèrèsé, lọ́wọ́ òkè, kí ẹ máa yí i ka ilé díẹ̀díẹ̀ títí nọ́ńbà náà á fi dára. Mo ti rí ilé tó jẹ́ pé gbígbé ráútà kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n lọ sórí fèrèsé ló parí gbogbo wàhálà.

Ta ló ń jẹ dátà nígbà tí ẹ̀ ń sùn?

Bí ẹ bá rí i pé ìwọ̀n ló ń pé lóòótọ́, ẹ má tètè bá ọmọ jà. Ohun tí kò sọ̀rọ̀ ló ń jẹ ẹ́ jù.

Kámẹ́rà ààbò tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ síta láìdúró ni àkọ́kọ́. Bí ó bá ń fi 2 Mbps péré ránṣẹ́, tí ẹ kò tiẹ̀ ní mọ̀ lára, 21.6 GB ló jẹ lójúmọ́, 648 GB lóṣù. Kámẹ́rà kan ṣoṣo nìyẹn! Ẹ yí i sí èyí tó ń ránṣẹ́ nígbà tí nǹkan bá mira nìkan, tàbí kó máa kọ ọ́ sínú káàdì tirẹ̀. Èkejì ni tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò wò mọ́: fídíò HD tó sá ní wákàtí 8 mọ́jú lè jẹ 24 GB, torí náà ẹ pa ètò tó ń fa fídíò kan mọ́ èkejì fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni géèmù. Àwọn géèmù ńláńlá òde òní ń ju 100 GB lọ kí ẹ tó ṣeré lẹ́ẹ̀kan, àtúnṣe wọn náà kì í kéré. Lẹ́yìn náà ni àwọn fóònù tó ń kó fọ́tò àti fídíò lọ pamọ́ síta lóru.

Lórí Windows, ẹ wọ inú ètò Wi-Fi yín, ẹ tan “Metered connection”. Kọ̀ǹpútà náà á mọ̀ pé dátà yín ní ìwọ̀n, kò ní máa fa àtúnṣe ńlá wọlé bó ṣe wù ú. Lórí iPhone, “Low Data Mode” ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ọ́.

Kí ni kí n bi wọ́n kí n tó sanwó?

Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ FCC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀ ti pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pé kí wọ́n máa fi àlẹ̀mọ́ kan hàn lára ètò íntánẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, níbi tí iye owó, ìyára àti ìwọ̀n dátà yóò ti hàn kedere kí ènìyàn tó rà á. Níbi tí kò bá ti sí irú àlẹ̀mọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu ara yín ni ẹ ó fi wá a. Ẹ bi wọ́n ní GB tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín ìyára kù, àti iye Mbps tó máa kù sí. Ẹ bi wọ́n bóyá ráútà ilé wà lẹ́yìn fóònù nígbà tí èrò bá pọ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá fídíò ní gbèdéke tirẹ̀. Bí ẹni tó ń tajà bá dáhùn pé “kò lópin, ẹ má wulẹ̀ dààmú,” kò tíì dáhùn. Ẹ ní kó fi ìpínrọ̀ ìlò tó mọ níwọ̀n hàn yín nínú àdéhùn. Ẹ sì bèèrè bóyá ẹ lè dá ráútà padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nítorí kò sí ẹni tó lè mọ bí òpó àdúgbò yín ṣe ń rí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ bí kò ṣe ẹni tó bá jókòó sílé yín wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi kò yí ilé-iṣẹ́ padà. Wọ́n padà sí ètò kékeré tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, wọ́n sọ fídíò alẹ́ kalẹ̀ láti 4K, wọ́n sì ń jẹ́ kí fóònù wọn gba fíìmù tí wọ́n bá fẹ́ wò sílẹ̀ ní ìdájí, nígbà tí ojú títì ṣófo. Nígbà tó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, inú fóònù ni fíìmù náà wà, kò nílò òpó kankan mọ́.